Nígbà Tí Ohùn Rúta Rẹlẹ̀

Apá òsì ni mo wò kí n tó bọ́ sójú títì ní Adégbàyí, n'Íbàdàn. Ní Kétu tí mo ti wá, níbi tí àwọn Faransé ti ń jọba nígbà náà, apá òsì ni mọ́tò máa ń gbà yọ sí ẹni tó bá fẹ́ sọdá. Mi ò rí nǹkan kan, mo bá gbé ẹsẹ̀. Àfi fìrì lápá ọ̀tún! Lọ́rí tó kó iṣu ni. Ó fọn fèrè, ó tẹ bíréèkì, eruku bo gbogbo wa. Dẹ́rẹ́bà yọ orí síta, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé o ti dágbére fún ìyá ẹ nílé ni?"

Àwọn tó jókòó ní ìdíkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ẹ̀rín bò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti dágbére fún un. Ó sìn mí dé ẹnu bodè ìlú, ó dúró síbẹ̀ títí mi ò fi rí gèlè rẹ̀ mọ́.

Bí ìlú òkèèrè ṣe kí mi káàbọ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé ibi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá lèmi ọmọ Yorùbá ń pè ní òkèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tí ẹ máa lanu ra gàrí, kí ẹni tó ń tà á pe aládùúgbò rẹ̀ pé, "Ẹ sáré wá gbọ́ bí eléyìí ṣe ń sọ̀rọ̀!" Ẹ máa wọn pákó, kí ẹ máa fi èdè Faransé ka iye rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀mí yín nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ yín, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ kí wọ́n máa wò yín. Kí ẹ wá padà sọ fún mi bóyá ilé ni tàbí òkèèrè. Ní Lálúpọn tí mo gbé, kò sẹ́ni tó bèèrè orúkọ mi. Kétu ni wọ́n sọ mí, Kétu náà ni mò ń jẹ́ títí dòní.

Rúta, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ pákó, ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀gá Làsísì, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn tóbi jù ní Lálúpọn, ló rà á pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kan tó wá la ọ̀nà, tó fẹ́ máa padà sílùú rẹ̀. Wọ́n rà á tán, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Èmi ti lo irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Faransé kan ní Kùtọ̀nù. Ẹnì kan sọ fún wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn mi tẹ́lẹ̀. Rúta ni wọ́n ní, èmi ni wọ́n fi kún un.

Ẹ̀rọ náà ò tóbi. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń lo iná ni, irin mímú kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń yí fíìfíì, òun ló ń gbẹ́ ojú pákó. Òyìnbó a máa fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, á máa rìn ín lórí igi. Àmọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, èèyàn á dorí rẹ̀ kodò, á fi bóòtù dè é mọ́ abẹ́ tábìlì, á lu ihò sójú tábìlì kí irin ẹnu rẹ̀ yọ sókè. Ó wá di pé pákó lèèyàn ń tì gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo ṣe to ti Ọ̀gá Làsísì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dídorí kodò yìí wà lọ́kàn yín, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Tí ara rẹ̀ bá yá, ohùn rẹ̀ a máa han ketekete bíi ti agbọ́n tí wọ́n tú ilé rẹ̀ ká. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wò ó. Inú mi a máa dùn nígbà yẹn. Ìgbà yẹn nìkan ni ẹnu mi kì í pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Tí iṣẹ́ bá parí, tí kálukú bá gba ilé lọ bá ìyàwó rẹ̀, èmi nìkan ló máa ń kù. Yàrá tí wọ́n fún mi wà nínú agbo ilé Ọ̀gá, ó fara ti ti ìyá wọn. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ ni wọ́n nígbà tí ọkọ wọn wà láyé. Wọ́n gbó, wọ́n tín-ín-rín, ẹnu wọn sì mú. Àlejò ni wọ́n ń pè mí. "Àlejò, o ò jẹun tán." "Àlejò, fìlà rẹ dọ̀tí." Èmi á ní, "Ẹ ṣeun, mà," mo á sì wọlé lọ.

Nígbà tí àárò ilé pọ̀ lára mi, mo lọ sí pósófíìsì ńlá ní Ìbàdàn. Mo ti gbọ́ pé èèyàn lè fi tẹlifóònù bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn káńtà bi mí pé nọ́ńbà wo. Mo ní Kétu ni.

"Ìyá ẹ ní tẹlifóònù?"

"Rárá o, ọ́fíìsì kọmandáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú, ló ní. Tí wọ́n bá rán ẹnì kan, ìyá mi á wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Ó ní ohùn mi á kọ́kọ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, á gba ibẹ̀ lọ sí Páríìsì, kó tó wá padà sọ̀ kalẹ̀ sí Kétu. Mo ní, "Láti ibí yìí? Mo lè gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀!"

Ó ní, "Kúkú lọ gun kẹ̀kẹ́ ẹ nígbà náà."

Bí mo ṣe padà nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹnu Ìyá Aláṣọ ló di tẹlifóònù mi. Ará Kétu ni wọ́n, wọ́n máa ń kó aṣọ wá tà káàkiri abà àti ìlú kéékèèké lẹ́yìn Ìbàdàn. Tí wọ́n bá dé Lálúpọn, wọ́n á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, wọ́n á máa jẹ́ iṣẹ́ ìyá mi fún mi bí ó ṣe rán wọn gẹ́lẹ́, tó fi dórí bí ó ṣe ń pòṣé. "Ó ní ṣé o ń jẹun. Ó ní aṣọ òtútù rẹ ńkọ́. Ó ní ẹ̀rọ tí ò ń lò yẹn, òun ò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ń bẹ irin lójoojúmọ́ pé kó má jẹ ọ́."

Ìyá Àgbà máa ń jókòó sítòsí, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà. Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ibi irin, Ìyá Àgbà á mi orí, wọ́n á ní, "Ìyá gidi nìyẹn."

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Aláṣọ dé tí wọn ò pe orúkọ mi láti ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ní kí n jókòó. Yéè! Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó lanu. Ibà ló pa ìyá mi, wọ́n sì ti sin ín. Nígbà tí ìròyìn ń bọ̀ lọ́nà pẹ̀lú ẹrù aṣọ, èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń fi ẹnu súfèé.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó sínú fúlúfúlú pákó nílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Ìyá Àgbà tọ̀ mí wá. Wọ́n jókòó tì mí nínú fúlúfúlú yẹn, pẹ̀lú ìró wọn tó mọ́. Wọn ò ní kí n má sunkún. Wọ́n ní, "Sun ún dáadáa. Ẹkún ìyá ni." Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìró, wọ́n ní, "Ó yá, ọkọ mi, wá jẹun."

Ọkọ mi! Àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bí sínú agbo ilé yẹn nìkan ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Kò sẹ́nì kankan.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ohùn rúta rẹlẹ̀.

Iṣẹ́ fèrèsé ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi ni a ń ṣe. Mo ti pákó sí i, ohùn tó ń han ketekete tẹ́lẹ̀ wá ń kùn bí ẹni tí oorun ń kùn. Irin ò yí dáadáa mọ́, ó ń jó pákó dúdú, èéfín sì ń rú. Mo kọ́kọ́ rò pé irin ẹnu rẹ̀ ló kú. Mo yọ ọ́, mo pọ́n ọn. Kò yàtọ̀. Mo ní bóyá mò ń jẹ ẹ́ jìn jù, mo bá ń gbẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mò ń ti pákó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó sàn díẹ̀, ó tún rẹ̀ sílẹ̀. Mo fura sí jẹnẹrétọ̀. Mo so gílóòbù kan mọ́ wáyà kan náà, mo ní tí iná bá kéré, gílóòbù á ṣe bàìbàì. Rúta ń kùn, gílóòbù ń tàn yanran. Kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Wáyà tó gùn, mo fi èyí tó kúrú tó sì nípọn pààrọ̀ rẹ̀. Pàbó ni.

Tíṣà ilé-ìwé náà wá lọ́jọ́ kan, ó wá lọ́jọ́ kejì. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àmọ́ òjò ń wọlé lu àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá Làsísì pè mí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Kétu, mi ò fẹ́ yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan n'Íbàdàn ní òun máa rà á bó ṣe wà. Tí kò bá ṣiṣẹ́ kó tó di ọjọ́ ọjà, mo máa tà á."

"Èmi ńkọ́, sà?"

Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Ṣebí o nílé."

Ilé wo? Ẹni tó jẹ́ ilé fún mi ti wà nínú ilẹ̀. Tí wọ́n bá ta rúta yẹn, mi ò ní ibì kankan láyé tí mo máa lọ.

Mo tú ẹ̀rọ náà palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nínú ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀, èédú wẹ́wẹ́ méjì kan wà tó máa ń fara kan ibi tó ń yí. Àwọn ló ń gbé iná wọ inú rẹ̀. Tí wọn ò bá kàn án dáadáa, kò sí agbára. Mo fa àwọn èédú náà yọ. Nǹkan kan bò wọ́n, ó ki pọ́pọ́, fúlúfúlú pákó ló pò mọ́ ọ̀rá. Mo gbé e símú. Epo pupa!

Ẹ wò ó, mo rò títí. Ta ní ń jẹun lórí rúta? Mo wá rántí pé pákó tí mo bá kọ́kọ́ tì láràárọ̀ máa ń ní àbàwọ́n pupa díẹ̀, èmi sì rò pé ti igi ni. Ẹnì kan ló ń kán epo sẹ́nu irin náà. Tó bá jẹ́ pé ó dúró bí òyìnbó ṣe ṣe é, epo ò bá dà sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ti dorí rẹ̀ kodò, ẹnu ló wà lókè, ọ̀fun ló kàn, ibi èédú ló sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ojoojúmọ́ ni epo ń ṣàn wọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀.

Mo fi pẹ́tíróòlù fọ gbogbo rẹ̀, mo fi yanrìn-bébà nu èédú, mo tò ó padà. Mo tan iná. Agbọ́n ti padà sílé! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá fi ìdùnnú lù mí lẹ́yìn. Nígbà tí ó máa fi di ọjọ́ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ọ̀gá bínú. Mo ti sọ fún wọn pé epo ni. Wọ́n ní, "Ẹnì kan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́, mo sì máa mọ̀ ọ́n." Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà ń sọ pé ta ni kò mọ̀, Kétu fúnra rẹ̀ ni, kí wọ́n má baà lè ṣe é láìsí òun. Ọ̀gá ò bá a wí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo bá jí ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó pe ìrun asùbáà, mo dúró sẹ́yìn àwọn pákó. Ìlẹ̀kùn rọra dún. Ìyá Àgbà ni. Wọ́n gbé búútà àlùwàlá lọ́wọ́ kan, ìgò kékeré wà lọ́wọ́ kejì. Wọ́n fi ọwọ́ wá ojú tábìlì títí wọ́n fi kan ihò, wọ́n kán epo sórí irin náà, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

"Bísímíláhì. Irin, ìyàwó alágbẹ̀dẹ ló ń kí ọ. Ìyá rẹ̀ tó ń bá a bẹ̀ ọ́ ti lọ. Èmi ló kù tí mò ń bẹ̀ ọ́ báyìí. Má jẹ ọkọ mi o."

Wọ́n dé ìgò, wọ́n gbé búútà, wọ́n lọ kírun.

Mo ti múra láti pariwo olè. Mo bá jókòó sílẹ̀ sẹ́yìn pákó yẹn.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún Ọ̀gá, ọrùn mi á bọ́ nínú ẹ̀sùn. Àmọ́ láti ìgbà tí Ọ̀gá ti ti Mẹ́kà dé, wọn ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan tó jẹ mọ́ Ògún. Wọ́n gbé owú bàbá wọn, irin ńlá tó fi ń rọ ọkọ́, jù sínú igbó. Wọ́n máa kígbe mọ́ ìyá wọn lójú àwọn ìyàwó ilé. Tí mo bá sì ní kí Ìyá Àgbà fúnra wọn má ṣe é mọ́, ẹnu wo ni mo máa fi sọ ọ́? Kí n ní ohun tí ẹ ń ṣe kí n má baà kú ló fẹ́ lé mi kúrò níbí?

Mo wá àkísà funfun kan. Nígbà tí a bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mo á ká a yí ìdí irin náà, mo á dí ihò náà pinpin. Epo á kán, àkísà á mu ún. Láàárọ̀ mo á fà á yọ kí n tó tan iná. Mo tún fọ inú rúta, kò sì kùn mọ́.

Ọ̀gá wá wò ó. "Ta ló ń da epo sí i?"

"Epo ò ní wọ inú rẹ̀ mọ́, sà. Mo ti dí i."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ìyẹn ni mo mọ̀, sà."

Wọ́n wò mí. Wọ́n mú àkísà náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dá a padà sórí tábìlì. Wọ́n ní, "Máa bá iṣẹ́ lọ." A parí fèrèsé náà kí ọjọ́ ọjà tó pé, wọn ò sì ta rúta. Ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ ti àwọn fèrèsé náà pa nígbà tí òjò ń rọ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, mo dúró sínú òjò mò ń wò wọ́n.

Bí a ṣe bá a lọ nìyẹn fún ọdún púpọ̀. Mo lọ sí Kétu lẹ́ẹ̀kan láti rí sàréè ìyá mi. Àwọn ẹbí tó ń gbé ilé wa kí mi dáadáa, wọ́n sè, mo jẹ. Àmọ́ bí mo ṣe lanu, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ará Ìbàdàn dé. Nígbà tí mo fẹ́ sọdá títì, apá ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ wò. Họ́wù! Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ẹ̀rù ilé mi ń bà mí. Mi ò pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń ṣe mí ni pé àkísà mi wà ní Lálúpọn, mi ò sì mọ ẹni tó máa fà á yọ.

Mi ò fọ̀rọ̀ náà lọ Ìyá Àgbà rí. Láràárọ̀, mo á fa àkísà náà yọ, mo á rí ojú epo tó pọ́n lórí rẹ̀, ara mi á balẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí Ìyá Aláṣọ bá dé láti ilé. Ẹnì kan ti jí ṣáájú mi, ó ti dárúkọ mi.

Lọ́jọ́ kan nínú ọyẹ́, mo fa àkísà yọ. Ó funfun báláú. Mo yí i padà, mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó gbẹ.

Mi ò tan iná. Mo sáré lọ sẹ́nu ìlẹ̀kùn wọn. "Ìyá Àgbà! Ẹ jí ire, mà." Mo tún pè. Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí awọ ìkírun wọn, omi kún inú búútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìgò epo wà lójú fèrèsé. Ara wọn ti tutù. Igbe tí mo ké ló jí Ọ̀gá.

Ọjọ́ náà ni wọ́n máa sin wọ́n, bí Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Ọ̀gá ní kí n wá pákó tí wọ́n máa fi bò wọ́n nínú sàréè. Èèyàn kì í fi rúta ṣe irú pákó bẹ́ẹ̀, ààké lásán ti tó. Èmi fi rúta ṣe é. Mo gbẹ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè wọnú ara wọn, kí iyanrìn kankan má baà gba àárín wọn já bọ́ sójú wọn. Ẹ̀rọ náà ò kùn rárá. Omi ojú mi ń kán sí pákó, mò ń tì í.

Ní ẹnu sàréè, Ọ̀gá wà nísàlẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà wà lókè, mò ń na pákó sí wọn. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi ìka rin etí rẹ̀ lọ rin etí rẹ̀ bọ̀. Wọ́n rọra ní, "Mo mọ̀, Kétu. Láti ọjọ́ tí mo gbóòórùn àkísà yẹn."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan, sà?"

"Èmi náà ni ìyá mi kọ́kọ́ bá bẹ irin, nígbà tí mo kéré. Kí ni mo fẹ́ sọ?" Wọ́n gba pákó tó kù lọ́wọ́ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ṣí ṣọ́ọ̀bù nítorí iṣẹ́ wà nílẹ̀. Mo ti dí ihò náà lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, ọwọ́ mi ló ṣe é, mi ò rò ó. Mo fa àkísà náà yọ, mo wò ó, mo fi í sínú àpò. Mo tan iná. Ohùn rúta han ketekete, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ara rẹ̀ yá lónìí. Èmi dúró tì í, pákó wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè tì í sẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi wà nínú ilẹ̀ ní Kétu, Ìyá Àgbà wà nínú ilẹ̀ ní Lálúpọn, kò sì sí ẹni tó máa bá mi bẹ irin mọ́.